Orí Sìmẹ́ǹtì Ìyá Àgbà

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà tí mo sọ fún bàbá mi pé iṣẹ́ ọnà ni mo fẹ́ lọ kọ́. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí nígbà tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi iṣẹ́ ọnà náà sin ìyá wọn láàyè. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ìgbà méjèèjì ni mo fẹ́ sọ. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà màá gbìyànjú láti to ọ̀rọ̀ náà bó ṣe yẹ. Bí mo bá yà bàrá díẹ̀, ẹ fara dà á. Èmi náà fara da àwọn ọmọ yín.

Bàbá mi ni alábòójútó ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ní ìjọ wa n'Íjẹ̀bú-Òde. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni wọ́n ti yàn fún mi kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń wọ bàtà. Nígbà tí mo sọ tẹnu mi, wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún wọ̀ ọ́ padà.

"Iṣẹ́ kí ni?"

"Iṣẹ́ ọnà, sà. Yíya àwòrán àti mímọ ère."

"Ère." Wọ́n wo ìyá mi bíi pé àwọn ló rán mi. "Ṣé o mọ ohun tí òfin kejì sọ nípa ère?"

"Mo mọ̀ ọ́n, sà. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Ó ní ká má forí balẹ̀ fún un. Mi ò ní forí balẹ̀ fún un, sà. Máàkì ni mo fẹ́ gbà lórí ẹ̀."

"Ó ní ká má yá a rárá!"

Ìyá mi ló bá mi bẹ̀ wọ́n títí ọ̀rọ̀ fi rọlẹ̀. Àdéhùn kan ni wọ́n bá mi ṣe: bí mo bá fìdí rẹmi nínú ìdánwò kan ṣoṣo, kò sí àríyànjiyàn mọ́, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ló kàn. "O ń lọ wẹ ọgbẹ́ nìyẹn," ni bàbá mi wí, wọ́n sì rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ti rí ọgbẹ́ náà.

Ilé-ẹ̀kọ́ tí mo lọ kò jìnnà sílé wa. Àwọn tó ń kọ́ ìṣirò wà nínú ilé alájà, àwa oníṣẹ́ ọnà wà lábẹ́ páànù kan tó ń jò lẹ́yìn ilé ìdáná. Obìnrin méjì péré ló wà nínú wa. Èkejì mi sì sá lọ sí ẹ̀ka ìmọ̀ nípa oúnjẹ kí a tó mọ orúkọ ara wa tán, ó ní amọ̀ ń ba èékánná òun jẹ́.

Olùkọ́ wa jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí irùngbọ̀n wọn pọ̀ ju ara wọn lọ. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n ní, kò dà bíi ti bàbá mi tó ní mẹ́wàá. Wọ́n á ní, "Ohun tí o rí ni kí o ṣe. Má ṣe ohun tí o mọ̀." Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé gbogbo wa la mọ̀ pé ojú méjì ló wà lórí èèyàn, ṣùgbọ́n bí a kò bá fara balẹ̀ wo èèyàn, a ó fi ojú méjèèjì sí iwájú orí bíi ti ọ̀pọ̀lọ́. A fi í síbẹ̀ lóòótọ́ ní gbogbo ọdún àkọ́kọ́.

Wọ́n gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ìbẹ́pẹ àti ọ̀pẹ òyìnbó sórí tábìlì fún wa láti yà lọ́jọ́ Ẹtì kan. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ajé, àwọn ọmọkùnrin kíláàsì wa ti jẹ ẹ̀kọ́ náà tán. Olùkọ́ wa wo tábìlì, wọ́n wo àwa náà.

"Ohun tí ẹ bá rí ni kí ẹ yà."

Èèpo la yà. Títí di òní, bí ẹ bá fẹ́ ẹni tó lè ya èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ wá mi wá.

Nígbà tó di pé ká ya èèyàn, kò sẹ́ni tó fẹ́ jókòó fún wa. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù ní a ó sọ àwọn di òbùrẹ́wà, òótọ́ ni wọ́n sì sọ. Ọlọ́dẹ ilé-ẹ̀kọ́ nìkan ló gbà. Ó jókòó, ó sì sùn lọ kí a tó gbẹ́ pẹ́ńsù. A yà á bí a ṣe rí i. Nígbà tó jí, ó ń wo àwòrán kan tẹ̀lé òmíràn, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ nínú gbogbo wọn.

"Kí ni mo fi ṣe yín?" ló bi wá.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe dé ọdún tó gbẹ̀yìn. Olùkọ́ wa kéde iṣẹ́ àṣekágbá. Ẹnì kọ̀ọ̀kan wa yóò fi amọ̀ mọ orí èèyàn kan tó wà láàyè, yóò sì yọ ọ́ sí sìmẹ́ǹtì, ìyẹn ni pé yóò fi amọ̀ náà ṣe àpẹẹrẹ, yóò sì da sìmẹ́ǹtì sínú rẹ̀ kó lè le. Orí náà kò gbọdọ̀ dé fìlà, kò gbọdọ̀ wé gèlè. Olùdánwò yóò wá láti ìlú mìíràn, ẹni tí a mọ náà yóò sì wá jókòó ti orí rẹ̀ kí olùdánwò lè fi wọ́n wéra. Àwọn tó ṣáájú wa ló kó bá wa, nítorí inú kàlẹ́ńdà ni wọ́n ti wo tiwọn. Ẹni tí ẹni rẹ̀ kò bá wá, kò ní máàkì kankan.

Mo yan ìyá bàbá mi, tí wọ́n ń gbé n'Íjẹ̀bú-Ìmùṣin. Kò sí ibi tí èèyàn lè gbé ojú lé lójú Ìyá Àgbà tí kò ní rí nǹkan. Ilà wà níbẹ̀, awọ tó hunjọ wà níbẹ̀, ìgbéraga náà wà níbẹ̀. Mo sì mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn kí èèyàn máa wo àwọn. Ohun tí wọ́n béèrè ni pé ẹ̀yìnkùlé la ó ti ṣe é, wọn kò fẹ́ kí àwọn ẹlẹ́nu gbọọrọ àdúgbò rí orí àwọn níhòòhò.

Ní gbogbo Sátidé tí mo bá lè lọ, mo máa ń gbé amọ̀ mi lọ bá wọn. Bó bá jẹ́ Sátidé ìmọ́tótó, tí àwọn ṣọ́jà kò jẹ́ kí ọkọ̀ rìn láàárọ̀, màá dúró kí aago mẹ́wàá lù. Ìjẹ̀bú tó jinlẹ̀ ni Ìyá Àgbà ń sọ. Mo ti tún un sọ sí Yorùbá tí gbogbo wa gbọ́ níhìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ó dùn ju báyìí lọ.

"Kí lò ń wò bẹ́ẹ̀?"

"Imú yín, Màmá."

"O ò rí imú rí? Má jẹ́ kó tóbi. Imú ìdílé ìyá ẹ lo ń fi sí mi yẹn."

"Ẹ má mira, Màmá. Ẹ pa ẹnu dé."

"Títí ayé? Ère tí kò lè sọ̀rọ̀, báwo ni yóò ṣe jọ mí?"

Ọ̀ràn gèlè ló le jù. Wọ́n fi falẹ̀ títí mo fi mọ gbogbo ojú tán, ìgbà yẹn ni wọ́n tó tú u. Mo ti mọ Ìyá Àgbà láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, n kò rí etí ọ̀tún wọn rí. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ là sí méjì bí ìrù ẹja.

"Yẹtí góòlù ló fà á ya," ni wọ́n wí, láìdúró kí n bèèrè. "Ó wúwo jù. Dí i fún mi."

"Màmá, olùkọ́ wa ní ohun tí mo bá rí..."

"Olùkọ́ yín ò ní ìyá ni?"

A jà sí i títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. N kò dí i. Wọ́n ní àwọn kò ní dárí jì mí, wọ́n sì bu ìkọ́kọrẹ́ fún mi kí n tó wọkọ̀.

Mo yọ orí náà sí sìmẹ́ǹtì ní ilé-ẹ̀kọ́. Olùkọ́ wa yí i ká, wọ́n ní, "Gbogbo rẹ̀ dára, àfi ojú. Ojú yẹn ò wò mí. Gbé e padà lọ sọ́dọ̀ màmá, kí o parí rẹ̀ níwájú wọn." Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìdánwò, Sátidé la wà yẹn. Mo fi aṣọ ìtẹ́sùn funfun mi wé orí náà kí nǹkan má baà ha á, mo gbé e lé itan nínú ọkọ̀ Ìmùṣin.

"Ẹrù yìí ti gba ààyè èèyàn kan," ni kọ̀ndọ́ wí. "Wàá san owó ẹni méjì."

"Orí lásán ni," ni mo dá a lóhùn. "Kò sí ara níbẹ̀."

Àwọn tó jókòó tì mí sún lọ sí ìpẹ̀kun àga, ibẹ̀ ni wọ́n sì wà títí mo fi sọ̀ kalẹ̀.

Ìyá Àgbà kò sí nílé. Wọ́n ti lọ síbi ìkómọ lọ́dọ̀ àbúrò wọn n'Íbẹ́fún. Mo gbé orí náà sórí ògiri kúkúrú tó wà níwájú ilé, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti dára, mo ṣí aṣọ funfun náà lójú rẹ̀, mo jẹ́ kó wà lọ́rùn. Mo mú garawa, mo lọ fa omi lẹ́yìnkùlé tí n ó fi po sìmẹ́ǹtì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìlú wa ti rí àṣìṣe mi. Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ kò mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kí n là á. Láti kékeré ni mo ti ń kọjá níwájú àwọn ilé tí ère sìmẹ́ǹtì wà lẹ́bàá wọn, tí wọ́n fi ọ̀dà kun ojú wọn. Ọ̀kan mú Bíbélì sìmẹ́ǹtì lọ́wọ́, òmíràn mú agbòòrùn sìmẹ́ǹtì. Orí saàrè ni gbogbo wọn wà. Kò sí alààyè kan láàárín wọn. Ní ìlú wa, wọn kì í yọ èèyàn sí sìmẹ́ǹtì kó tó kú, ká má tíì wá sọ pé wọ́n á fi aṣọ funfun wé e lọ́rùn kí wọ́n gbé e sójúde. Mo mọ èyí dáadáa. Ṣùgbọ́n odidi ọdún mẹ́ta ni wọ́n ti fi ń kọ́ mi kí n má ṣe ohun tí mo mọ̀.

Mo ṣì wà nídìí omi nígbà tí igbe kan ta láti ojúde. Kí n tó gbé garawa dé iwájú ilé, èrò ti kún ibẹ̀. Àwọn obìnrin ká ọwọ́ lérí. Ẹnì kan ti sáré lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, agogo sì bẹ̀rẹ̀ sí dún ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bó ṣe máa ń dún fún òkú.

"Wọn ò kú!" ni mo kígbe. "Ìbẹ́fún ni wọ́n lọ!"

"A ti gbọ́, ọmọ mi," ni obìnrin kan tó dì mí mú wí. Ó yíjú sí àwọn tó kù. "Ìbẹ́fún ló ti ṣẹlẹ̀."

"Háà! Níbi ìkómọ?"

"Oúnjẹ tí wọ́n jẹ níbẹ̀ ni."

"Mà, ère ni! Èmi ni mo mọ ọ́n! Ìdánwò ni!"

"Ìdánwò ni lóòótọ́, ọmọ mi. Gbogbo wa ni ìdánwò ń bá. Sunkún, má gbé e sínú."

"Mi ò gbé nǹkan kan sínú, mà."

"Ọ̀fọ̀ ti fẹ́ da ọmọ yìí lórí rú. Ẹ bu omi sí i lára."

Omi tí mo fà fún sìmẹ́ǹtì ni wọ́n dà lé mi lórí.

Ibi tí omi ti ń ro lára mi ni mo wà tí èrò fi yà sọ́tùn-ún sósì. Ìyá Òdìkejì ló ń bọ̀. Bí mo ṣe máa ń pè wọ́n nìyẹn, nítorí òdìkejì títì ni ilé wọn wà, wọn kì í sì í bá Ìyá Àgbà sọ̀rọ̀. Wọn kò kí ara wọn láti ìgbà tí wọ́n ti jẹ́ ìyàwó ilé. Bí ọ̀kan bá ń gbálẹ̀, èkejì á wọlé. Nínú ìjọ, ọ̀kan ń jókòó lápá ọ̀tún, èkejì lápá òsì, Olúwa ló wà láàárín. Ìyá Òdìkejì tẹ ọ̀pá dé ìdí ère náà, wọ́n na ọwọ́, wọ́n di etí ọ̀tún rẹ̀ tó là sí méjì mú, wọ́n sì bú sẹ́kún tó mú kí àwọn tó ti ń sunkún tẹ́lẹ̀ dákẹ́.

"Etí yìí! Ọwọ́ mi yìí ló fà á ya! Mo ní n ó bẹ̀ ọ́. Ọdọọdún ni mò ń sọ pé ó di àmọ́dún, ó di èèmíì."

Bàbá mi dé láti Ìjẹ̀bú-Òde pẹ̀lú kóòtù dúdú àti Bíbélì, nítorí ẹnì kan ti fi alùpùpù lọ pè wọ́n. Mo lọ bá wọn kí n ṣàlàyé. Kí n tó ya ẹnu, ohùn kan ké láti ọ̀nà ibùdókọ̀.

"Yéè! Ta ló kú? Ẹ sọ fún mi, ta ló kú nílé mi?"

Ìyá Àgbà ni. Wọ́n ti gbọ́ agogo, wọ́n rí èrò níwájú ilé wọn, wọ́n rò pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wọn ló lọ. Wọ́n ti tú gèlè, wọ́n fi gbàjá mọ́dìí, wọ́n ń sáré bọ̀ láìsí nǹkan lórí. Orí tó wà lórí ògiri àti orí tó ń sáré bọ̀ kò yàtọ̀ síra rárá. Ẹ ò rí i pé mo mọṣẹ́!

Èrò fọ́n ká. Àbúrò bàbá àgbà mi, tó jẹ́ olórí ẹbí wa, tí àwọn méjì máa ń dì mú kó tó dìde lórí àga, fo ògiri, fìlà rẹ̀ nìkan ló kù sílẹ̀. Bàbá mi na Bíbélì síwájú bí apata.

"Màmá?"

"Èmi ni. Ta ló kú?"

"Ẹ̀yin ni, Màmá."

"Èmi wo?"

Bàbá mi nawọ́ sí ère. Ìyá Àgbà wò ó, wọ́n sì rí ẹni tó dì í létí mú. Ìyá Òdìkejì nìkan ni kò sá, ẹsẹ̀ wọn kò gbà á.

"Ẹ fọ́ ọ!" Olórí ẹbí ló ń pariwo láti ẹ̀yìn ògiri. "Alààyè kì í rí ère ara rẹ̀! Ẹ gbé òòlù wá!"

Òòlù dé. Mo rọ̀ mọ́ orí náà. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìdánwò. Bí wọ́n bá fọ́ ọ, mo ti fìdí rẹmi nìyẹn."

"O mọ àdéhùn wa," ni bàbá mi wí. Ojú wọn kò le bí ọ̀rọ̀ wọn, ṣùgbọ́n wọn kò gba òòlù lọ́wọ́ ẹni tó mú un.

"Ẹ dúró ná," ni Ìyá Àgbà wí. Wọ́n kọjú sí Ìyá Òdìkejì. "Ìwọ. Kí lò ń ṣe nílé mi?"

"Mo wá sunkún ẹ ni."

"O sì sun ún?"

"Ó sun ún ju gbogbo wa lọ!" ni àwọn obìnrin dáhùn láti ibi tí wọ́n sá pamọ́ sí.

Ìyá Òdìkejì jẹ́wọ́. "Mo fà ọ́ létí ya níbi kànga, nítorí ẹni tó máa kọ́kọ́ fa omi. Dákun. Ṣùgbọ́n ta ló ń wọ yẹtí góòlù lọ síbi kànga?"

Ìyá Àgbà fọwọ́ kan etí wọn. Wọ́n jókòó sórí ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ère, wọ́n yọ aṣáà, wọ́n fà á símú, wọ́n sì na agolo rẹ̀ sí Ìyá Òdìkejì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó dá olórí ẹbí lóhùn.

"Gbé òòlù rẹ padà. Agogo ti dún, ẹ ti sunkún, ọmọ mi ti wọ dúdú. Ikú tó ń bọ̀ wá bá mi ti bá ère pàdé lọ́nà, ó ti mú un. Kí ló tún kù tí mò ń bẹ̀rù? Ìwọ, lọ bọ́ kóòtù yẹn." Bàbá mi ni wọ́n ń bá wí.

Nígbà tó ku àwa nìkan, mo po sìmẹ́ǹtì, mo sì parí ojú ère náà níwájú wọn. Mo ní, "Màmá, ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé yẹtí góòlù ló fà á ya."

"Yẹtí wà níbẹ̀. Ẹni tó fà á ni mi ò dárúkọ. N ó wá síbi ìdánwò rẹ, ṣùgbọ́n gèlè mi ò ní kúrò lórí mi níwájú àlejò. Ẹni tó bá fẹ́ rí etí, kó wo ti sìmẹ́ǹtì."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Ìyá Àgbà dé ilé-ẹ̀kọ́ wa pẹ̀lú Ìyá Òdìkejì, gèlè wọn ga ju ti ìyàwó àlùfáà ìjọ lọ. Bàbá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní àwọn kàn ń kọjá lọ ni. Olùdánwò jẹ́ ọkùnrin tí kì í rẹ́rìn-ín. Ó yí orí sìmẹ́ǹtì náà ká, ó wo Ìyá Àgbà, ó tún un wò. Ó mi orí bí ẹni tí nǹkan tẹ́ lọ́rùn, àfi ìgbà tó dé etí ọ̀tún. Ó fi òyìnbó bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní etí náà fọ́ nígbà tí mo ń yọ ọ́, n kò sì tún un ṣe. Ó ní oníṣẹ́ tó bá gbé iṣẹ́ fífọ́ wá síwájú òun kò lè yege.

Mo mọ ohun tí mo lè sọ. Ṣùgbọ́n ó máa gba pé kí n ní kí Ìyá Àgbà ṣí orí sílẹ̀ níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti ọlọ́dẹ tó wá wòran. N kò lè ṣe é. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà," mo sì bẹ̀rẹ̀ sí rí ara mi nínú aṣọ funfun àwọn nọ́ọ̀sì.

"Kí ló wí?" ni Ìyá Àgbà bèèrè. Olùkọ́ wa tún un sọ fún wọn ní Yorùbá.

Ìyá Àgbà wò mí. Wọ́n wá gbé ọwọ́ sókè, wọ́n tú gèlè náà, wọ́n kó o lé Ìyá Òdìkejì lọ́wọ́.

"Ọ̀gá, súnmọ́ ibí. Wò ó dáadáa."

Olùdánwò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó wo etí, ó wo sìmẹ́ǹtì, ó tún wo etí.

"Èmi ni mo fà á ya," ni Ìyá Òdìkejì wí.

"Dákẹ́. Kì í ṣe ìwọ ni wọ́n ń dán wò."

Olùdánwò dìde. Ó fi Yorùbá sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. "Ẹ má bínú, Màmá."

"N kò bínú. Fún ọmọ mi ní máàkì rẹ̀."

Ó fún mi. Bàbá mi nu awò ojú wọn lẹ́nu ọ̀nà, ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó nù ún tán. "Òfin kejì ò tíì yí padà o," ni wọ́n wí fún mi. Ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn ló gbé orí náà lọ sínú ọkọ̀ wọn. Iwájú ni wọ́n gbé e sí, Ìyá Àgbà sì ń ráhùn lẹ́yìn títí dé Ìmùṣin pé ère ti gba àga àwọn.

Ohun tí wọ́n ń gbé gèlè lé ni Ìyá Àgbà sọ ọ́ dà nínú yàrá wọn. Ní ìrọ̀lẹ́, Ìyá Òdìkejì á sọdá wá, àwọn méjèèjì á jọ máa fa aṣáà, wọ́n á sì máa jiyàn lórí ẹni tó kọ́kọ́ dé ibi kànga. Nígbà tí Ìyá Àgbà kú lóòótọ́, tí agogo dún, àwọn ará àdúgbò kò tètè sunkún. Wọ́n kọ́kọ́ rán ẹnì kan wá bi mí bóyá mo tún ní ìdánwò.

Orí náà ti wà níbi tó yẹ kó wà báyìí, ẹ̀gbẹ́ ilé, lórí saàrè. N kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dí etí rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ka ìtàn yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ fi kọ́gbọ́n. Bí ẹ bá fẹ́ gbé ohun tí ojú yín rí síta, ẹ kọ́kọ́ rántí ohun tí ìlú mọ̀. Bó bá sì jẹ́ pé ẹnì kan wà ní òdìkejì títì tí ẹ ti ń sọ pé ẹ ó bẹ̀ tó bá di èèmíì, ẹ sọdá lọ bẹ̀ ẹ́ lónìí. Ẹ má dúró de agogo.